Fọ́tò Sátidé Tó Gbẹ̀yìn Oṣù

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ Sọ́ńdè ni Àǹtí Onífírémù ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, tó ń pè é láti ẹnu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe. Gíláàsì mẹ́rin tó fẹ́ fi sí fírémù ló gbé dání. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gba yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò kọjá, ó ká aṣọ dúdú tó bo ẹnu yàrá òkùnkùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fọ fọ́tò, gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Baba Onífọ́tò nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada omi, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìpàkọ́ rẹ̀. Iná pupa kékeré ara ògiri ṣì ń tàn lé e lórí.

Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà kò ju ti ọmọ tuntun lọ. Àwọn aládùúgbò gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́sàn-án, ọlọ́pàá ti dé.

Ìnísípẹ́kítọ̀ tó wá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá Rọra, nítorí kò sóhun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe tí kì í kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ rọra." Kì í pariwo, kì í sì í lu tábìlì. Àwọn ọ̀daràn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ máa ń sọ pé ó sàn kí wọ́n gbá èèyàn létí ju kí obìnrin yẹn jókòó kó máa wò ó lọ.

Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó wò yíká. Wọn kò já ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà mẹ́ta wà nínú àpótí gíláàsì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ife tíì méjì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù; wọ́n ti mu ọ̀kan tán, èkejì kún dé ẹnu, ó ti tutù. Nínú yàrá òkùnkùn, ẹ̀rọ tí Baba Onífọ́tò fi ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá ṣì ń tanná, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. Lórí pẹpẹ, àwọn àpótí páálí tó kó nẹ́gẹ́tíìfù sí tò tẹ̀lé ara wọn, nọ́ńbà wà lára wọn. Láàárín ọ̀kànlélọ́gọ́ta àti ẹ̀tàlélọ́gọ́ta, àlàfo kan wà níbẹ̀ bí eyín tó yọ.

"Kí ni bàbá ń ṣe lánàá?" ló bi Àǹtí Onífírémù.

"Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Onísátidé ni, mà." Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé fọ́tò wọn kọ́ sí ilé ìkàwé kí gbogbo ìlú wá wò ó."

Ó nawọ́ sí ògiri, Ọ̀gá Rọra sì yíjú síbẹ̀. Fọ́tò dúdú àti funfun ló kún ibẹ̀: obìnrin oníbàtà gogoro tó ń gun rélùwé, ọkùnrin mẹ́ta tó fi fìlà bo ojú sùn nínú ọkọ̀, èrò tó tò síwájú ilé sinimá, tábìlì gígùn tí aṣọ funfun bò, tí ogójì èèyàn jókòó yí ká, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní ilé tó máa padà sí. Àǹtí Onífírémù ṣàlàyé fún un. Ní ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn, Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwọn ará ìlú kékeré yìí á wọ rélùwé àárọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n á wo sinimá ọ̀sán, wọ́n á jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí agbáwo ti ń wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á sì wọ rélùwé ìrọ̀lẹ́ padà. Rélùwé ti dáwọ́ dúró báyìí. Ilé sinimá náà ti di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí.

Ọ̀gá Rọra rántí ìyá tirẹ̀, bó ti máa ń fa òun lọ́wọ́ la títì ìlú ńlá kọjá lọ́jọ́ Sátidé, àti áísìkiriìmù tó máa ń yọ́ sí òun lára kí àwọn tó dé ìjókòó. Ìyá náà ti kú. Ó mí kanlẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀rọ omi inú yàrá yìí, ta ló tì í?"

Àǹtí Onífírémù wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ń rí i fúngbà àkọ́kọ́. "Ó yẹ kó máa ṣàn, mà. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fi fọ́tò sínú agbada, omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn lé e lórí fún odidi wákàtí kan. Orí ẹ̀rọ yẹn sì ti bàjẹ́; ẹ yí i di ọ̀la, kò ní tì. Àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ agbada, kó ti páìpù pa látìsàlẹ̀. Èmi gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ọ̀gá Rọra kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ agbada. Wọ́n ti ti páìpù pa gbọingbọin. Fọ́tò kankan kò sí nínú agbada náà mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹnu tọ́ka sí ni Télọ̀, nítorí òun àti Baba Onífọ́tò ti pariwo mọ́ra wọn lójú títì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ọ̀gá Rọra bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá arúgbó afínjú kan ni, táì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọ̀ táì náà sì bá ti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mu.

"Wọ́n ní ẹ lérí sí i."

"Mo lérí, mà. Irọ́ ò dáa fún àgbà." Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Fọ́tò kan ló wà tó yà mí nínú ilé sinimá, mo sùn lọ, ẹnu mi là sílẹ̀ gbàù bí ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Mo ní kó má gbé e kọ́. Ó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé gan-an lòun máa gbé e kọ́ sí. Mo wá ní tó bá dán an wò, màá fi sáásì gé irungbọ̀n ẹ̀. Ìjà ló dé lorín dòwe, mà. Láti ogójì ọdún la ti ń bú ara wa báyẹn."

"Lánàá ńkọ́, lọ́sàn-án?"

"Aṣọ ìgbéyàwó ni mò ń wọ̀n. Ìyàwó, ìyá ìyàwó, àti àbúrò ìyá ìyàwó tí kò jẹ́ kí n mí. Ẹ bi wọ́n." Ó wo sáásì ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ó máa yè é? Tó bá yè é, ẹ ní kó gbé fọ́tò yẹn kọ́ síbi tó bá wù ú."

Ọ̀gá Rọra bi àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Fọ́tò ẹlẹ́nu gbàù náà sì wà níbi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, olè kò bojú wò ó.

Láti ọ̀dọ̀ Télọ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà, obìnrin tó ti kọ́ ìdajì ìlú ní ABD kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onísátidé. Nínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya, ó kọ gbogbo ìrìn àjò wọn sílẹ̀: sinimá tí wọ́n wò, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹni tó bì nínú rélùwé.

"Àpótí kejìlélọ́gọ́ta ló sọnù, mà," ni Ọ̀gá Rọra wí.

"Ìrìn àjò kejìlélọ́gọ́ta nìyẹn. Bí Baba Onífọ́tò ṣe kà wọ́n náà ni mo ṣe kà wọ́n." Màmá Tíṣà fi itọ́ sí ìka, ó ṣí ìwé, ojú rẹ̀ sì tàn. "Áà, ọjọ́ ẹja! Ọmọ mi, ẹ̀ bá wà níbẹ̀. A wọ ilé oúnjẹ, a bá àpótí gíláàsì ràgàjì láàárín yàrá, ó ga ju èèyàn lọ, ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. À ń jẹun, ẹja ń wò wá. Nígbà tá a máa fi padà lọ lóṣù tó tẹ̀lé e, ó ti fọ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tá a lọ yẹn náà ló bẹ́, omi gbé bàtà àwọn oníbàárà lọ. Wọn ò gbé irú ẹ̀ síbẹ̀ mọ́."

"Ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Lẹ́ẹ̀kan péré." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọjọ́ burúkú sì lọjọ́ náà padà já sí. Bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwé la gbọ́ ẹkún nílé Baba Wọ́tà. Ọ̀gá ni nílé-iṣẹ́ omi nígbà yẹn. Ìyàwó ẹ̀ ti ń wúkọ́ tipẹ́, ọ̀sán ọjọ́ náà ló ṣubú lulẹ̀. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sáré lọ pe bàbá ẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n ní kò sí níbẹ̀. Kó tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní páìpù ńlá ló bẹ́ nínú igbó lọ́nà odò, ibẹ̀ lòun wà tóun ń tún un ṣe, kí ìlú má baà pòùngbẹ. Gbogbo wa la sunkún. Ọkùnrin tó pàdánù aya nítorí omi tá à ń mu, ta ni ò ní bọ̀wọ̀ fún un?"

"Ọmọ náà dà?"

"Òun náà ló ń ṣe ọ̀gá ilé ìkàwé. Òun ló ní ká wá pàtẹ fọ́tò wa."

Ọ̀gá Rọra dúpẹ́, ó dìde. Ó rìn lọ sílé Baba Wọ́tà pẹ̀lú ẹsẹ̀, nítorí ó fẹ́ ronú.

Ilé náà mọ́ tónítóní. Kò sí ẹ̀rọ omi kan tó ń kán tó, tó, tó. Baba Wọ́tà ga, ó gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó fún àlejò ní ìjókòó.

"Lánàá, bàbá, níbo lẹ wà lọ́sàn-án?"

"Ilé ni mo wà. Mo sùn. Kí làgbà ń ṣe lọ́sàn-án?"

"Baba Onífọ́tò ò pè yín?"

"Kí ló fẹ́ pè mí fún? Èmi ò sí lẹ́gbẹ́ wọn."

"Ẹ ò bá wọn lọ sí ìlú ńlá rí, kódà lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹni tó ń fa omi fún ìlú kì í ráyè sinimá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Tèmi ni mo ń dà síwájú nígbà tí wọ́n ń jayé kiri. Kí ni n óò tiẹ̀ lọ jókòó jẹ níbi tí ẹja á ti máa wò mí lẹ́nu látinú gíláàsì?"

Ọ̀gá Rọra mi orí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ó kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà. Ó béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Onífírémù pé báwo ni ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ní inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ki nẹ́gẹ́tíìfù sí, iná á sì gba inú rẹ̀ kọjá sórí bébà. Ọ̀gá Rọra ní kó ṣí i. Nínú ẹ̀rọ náà, láàárín irin pẹlẹbẹ méjì, nẹ́gẹ́tíìfù kan ṣoṣo wà tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ó fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fọ fọ́tò fún ọlọ́pàá.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó pe gbogbo wọn sí ilé ìkàwé. Wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ fọ́tò kọ́. Télọ̀ jókòó sábẹ́ ẹnu gbàù tirẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ láàárọ̀. Màmá Tíṣà wà níbẹ̀, Àǹtí Onífírémù pẹ̀lú. Baba Wọ́tà jókòó nítòsí fèrèsé. Ọmọ rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Àǹtí Ìkàwé, wà lórí àkàbà kékeré, ó ń to fírémù kan tó wọ́ sápá kan.

"Bàbá," ni Ọ̀gá Rọra sọ fún Baba Wọ́tà jẹ́jẹ́, "yàrá kan wà lẹ́yìn. Ṣé ẹ ò ní fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ohun tó yẹ kí n gbọ́, ọmọ mi náà lè gbọ́ ọ."

Ọ̀gá Rọra mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé kì í ṣe àjèjì. Baba Onífọ́tò po tíì fún un, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni náà kò balẹ̀ tó fi lè mu ún. Ó gbé fọ́tò tó wà nínú agbada, ó gbé àpótí kejìlélọ́gọ́ta, ó sì ń kánjú, torí èèyàn ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ abẹ́ agbada, ó ti páìpù pa, kí omi má baà ṣòfò. Mo bi ara mi pé irú èèyàn wo ni ọwọ́ ẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó ronú. Mo kọ ọ́ síwèé mi: *omi*."

Ọ̀gá Rọra yíjú sí Baba Wọ́tà.

"Màmá Tíṣà wá sọ fún mi pé Sátidé kan ṣoṣo ni ẹja wà nílé oúnjẹ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò débẹ̀ rí, bàbá, ẹja lẹ kọ́kọ́ dárúkọ."

"Ẹnìkan ló sọ fún mi," ni Baba Wọ́tà wí. "Ìlú kékeré nìyí. Kí lẹnu kì í sọ?"

"Mo gbà. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, mi ò ní pè yín wá síbí." Ó fa fọ́tò kan yọ nínú àpòòwé. "Ẹ kó àpótí lọ, ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe onífọ́tò. Ẹ ò mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ."

Ó gbé e lé orí tábìlì. Níwájú, àwọn Onísátidé ń gbé ife sókè. Lẹ́yìn wọn ni àpótí ẹja ràgàjì. Níkọjá rẹ̀, láàárín ẹja méjì, ọkùnrin gíga kan dá jókòó sídìí tábìlì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbáwo kan bẹ̀rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó da orí sẹ́yìn, gbogbo eyín rẹ̀ ló hàn.

Àǹtí Ìkàwé sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ọjọ́ wo nìyí?" ló béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Màmá Tíṣà wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Baba Wọ́tà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

"Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ ikọ́ yẹn. Mo bá a jí, mo bá a sùn. Mo ní kí n lọ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń wúkọ́. Ọjọ́ kan péré. Mo wọ mọ́tò lọ, mo wo sinimá, mo wá lọ jẹun. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí wọlé, mo sá sẹ́yìn ẹja, mo sì gba ọ̀nà kíṣìnì jáde. Mo dé ilé, mo bá òkú ẹ̀. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo wà, ẹnu mi sọ pé odò. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó gbé ojú sókè. "Ní Sátidé, ó pè mí, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní, 'Ọ̀rẹ́, mo rí ọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ, wá wo eyín rẹ!' Kò rántí ọjọ́ náà páàpáà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má gbé e kọ́. Ó rò pé àwàdà ni. Mo já a gbà, òun náà fà á, ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, orí ẹ̀ bá agbada. Mi ò lù ú. Ọlọ́run gbọ́, mi ò lù ú."

"Mo gbà pé ẹ ò lù ú," ni Ọ̀gá Rọra wí. "Ṣùgbọ́n tẹlifóònù wà lórí tábìlì, bàbá. Ẹ ráyè ti omi pa. Ẹ ò ráyè pe èèyàn. Láti ọ̀sán Sátidé di àárọ̀ Sọ́ńdè ló fi wà nílẹ̀."

Àǹtí Ìkàwé kò pariwo. "Mo sáré débẹ̀, Bàbá," ló wí. "Mi ò wọ bàtà. Wọ́n ní ẹ ò sí. Mo jókòó sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ omi, mò ń dúró dè yín, torí mo rò pé tí mo bá padà sílé láìmú yín dání, wọ́n á ní mi ò jíṣẹ́. Ìgbà tí màámi kú, ẹnu géètì yẹn ni mo wà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé bàbá mi ń gba ìlú là." Ó gbé ọ̀pá náà nílẹ̀, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá wọn lọ."

Baba Onífọ́tò yè é. Ó jí lọ́jọ́ kẹjọ, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni bóyá Télọ̀ ti gbé fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri. Àwọn èèyàn ya lọ sí ilé ìkàwé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àwọn arúgbó ń tọ́ka sí ara wọn, wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ti kú, wọ́n ń bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn jiyàn pé irun yẹn irun orí àwọn ni lóòótọ́. Àǹtí Ìkàwé gbé fọ́tò ẹja náà kọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ ju ọjọ́ oṣù lọ.

Kò lọ wo bàbá rẹ̀ ní àtìmọ́lé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lọ ní ìkejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ. Wọ́n jókòó kojú ara wọn sídìí tábìlì onípákó, ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

"Sinimá wo lẹ wò lọ́jọ́ náà?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

Baba Wọ́tà wò ó bóyá ó fẹ́ fi òun ṣẹ̀sín. Ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ọ̀fun ṣe.

"Ti ọkùnrin kan ni, tó ra ẹṣin arọ lọ́jà," ló bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ náà jọ. "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní òun àti ẹṣin ò lè jọ gbélé. Bẹ́ẹ̀, ẹṣin náà gbọ́n ju ọkùnrin yẹn lọ..."

Ó ń sọ ọ́ lọ. Ó ń fọwọ́ júwe bí ẹṣin náà ṣe ń tiro. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí bàbá dé ibi tí ẹṣin náà ti wọ inú ilé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó jókòó sórí àga ọkọ ìyàwó, ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu, ó da orí sẹ́yìn, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló hàn.

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wo aago rẹ̀. Ó ní àsìkò ti tó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àǹtí Ìkàwé wí, láì yíjú sí i. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀."